Ẹni Tí Ó Gbé Àwo Lé Omi

Ní gbogbo ilẹ̀ Àwórì, láti Ìṣẹrì dé Ọ̀jọ́, láti Ìbà dé etí ọ̀sà tí ó lọ sí Àgbádárìgì, ó ṣòro kí á rí ọmọ tí a bí tí a sì tọ́ tí kò gbọ́ ìtàn àwo tí ó léfòó: bí Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè ti dìde ní Ifẹ̀ Oòdáyé, níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, tí ó gbé àwo kan lé omi, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tọ àwo náà lọ ní bèbè odò, tí wọ́n ń pàgọ́ níbi tí ó bá ti dúró, tí wọ́n sì ń ká àgọ́ nígbà tí ó bá tún gbéra, títí ó fi dé Ìṣẹrì, tí òòyì kọ́ ọ, tí ó sì rì; nígbà tí wọ́n bi Ọlọ́fin pé àwo dà, ó ní àwo ti rì, láti inú ọ̀rọ̀ yìí sì ni orúkọ àwọn onílẹ̀ tí ó gbà wá lálejò ní ìhà ibí yìí ti jáde.

Láti ogún ọdún ó lé tí mo ti ń gbé Òkòkòmaikò ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, ohun tí ó sì ń dùn mí ni pé ìdí rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mú, wọ́n fi orí rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé bá délẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, tàbí níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń ta ayò nírọ̀lẹ́, ẹnìkan a mí kanlẹ̀, a ní, “Ibi tí àwo bá rì sí náà ni a ó máa gbé,” àwọn ìyókù a sì mi orí bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n àwo kò dá ara rẹ̀ gbé sójú omi. Ọwọ́ kan ni ó gbé e. Ẹni tí ó ni ọwọ́ náà ti kọ́kọ́ pinnu pé òun yóò kúrò níbi tí òun wà. Ó ti mọ̀ pé bèbè odò ni òun yóò tọ̀, kì í ṣe inú igbó. Ó ti mọ àmì tí òun yóò fi mọ̀ pé ìrìn àjò ti dópin. Ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Ohun kan ṣoṣo ni ó fi lé omi lọ́wọ́, èyíinì ni ibi tí ìrìn náà yóò parí sí. Púpọ̀ nínú wa ti sọ ara wa di àwo, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ń gbé àwo lé omi ni a dá wa láti jẹ́: èyí ni ẹjọ́ tí mo gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé lónìí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń múra láti fi orí dá mi lóhùn. Yóò ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, pé ohun tí a yàn lọ́run kò ṣeé lọ pààrọ̀ nígbà tí a bá dé ayé tán. N kò bá a jiyàn pé orí wà, nítorí orí ẹni ni àwúre ẹni, ọmọ Yorùbá tí ó bá sì pe orí ní ohun yẹpẹrẹ ti sọ ilé nù. Ṣùgbọ́n kí á fẹ̀sọ̀ wo ohun tí Ifá fúnra rẹ̀ sọ nípa ọjọ́ tí a yan orí. Nínú Ògúndá Méjì ni ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta wà, Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wá sí ayé, tí wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ dé ilé Àjàlá alámọ̀, ẹni tí ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò yà síbì kankan. Wọ́n bá ilé ní òfìfo, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn mú èyí tí ó dán lójú wọn, wọn kò mọ̀ pé iná kò jó o dénú, kí wọ́n sì tó wọ ilé ayé, òjò ti pa á, ó ti ń wó lé wọn léjìká. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sí ilé baba rẹ̀, ó bèèrè bí ọ̀nà náà ti rí. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kí ó rú iyọ̀ àti owó, wọ́n sì bu nínú rẹ̀ fún un pé kí ó máa mú un lọ. Ní ojú ọ̀nà ó bá oníbodè kan tí ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fi iyọ̀ hàn án. Nígbà tí ọbẹ̀ sì dùn mọ́ oníbodè lẹ́nu, ó tú àṣírí ibẹ̀ fún un, pé Àjàlá jẹ gbèsè, pé inú àjà ni ó ń sá sí fún àwọn olówó, ẹni tí ó bá sì bá a san gbèsè ni yóò rí ojú rẹ̀. Afùwàpẹ́ san án. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá kan àwọn orí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bá a ṣa èyí tí ó le koko.

Mo máa ń ronú nípa iyọ̀ yẹn. Ohun tí kò tó nǹkan ni, ohun tí a lè dì sí igun aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ronú kí ó tó kúrò nílé kò lè ní in lọ́wọ́ nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ oníbodè. Bí yíyan orí fúnra rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní kádàrá, bá gba ìbéèrè, ìpalẹ̀mọ́ àti sísan gbèsè ẹlòmíràn, níbo ni a ti rí ẹ̀kọ́ pé kí á ká ọwọ́ gbera nígbà tí a bá dé ayé?

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ àwo fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó bá mi rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Erékùṣù Èkó. Owó ilé tí kò wọ́n ni ó gbé mi dé Òkòkòmaikò. Ẹ̀kọ́ tí mo sì kọ́ kí n tó rí iṣẹ́ náà, olùkọ́ kan ni ó ní òun ni ó bá mi mu. Nínú ohun mẹ́ta wọ̀nyí tí ayé mi dúró lé lórí, kò sí ọ̀kan tí mo jókòó tì, tí mo yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, tí mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé èyí ni mo fẹ́. Agogo mẹ́rin òwúrọ̀ ni mo ń jí, nítorí àkókò náà bọ́ sí ìgbà tí ìjọba Gómìnà Fáṣọlá tú ojú títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì palẹ̀ láti sọ ọ́ di onílà mẹ́wàá, pẹ̀lú ojú irin láàárín, tí ẹrẹ̀ ń mu táyà nígbà òjò, tí eruku sì ń fọ́ ni lójú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, tí oorun sì kọ̀ láti kùn mí, mo tan àbẹ́là, mo mú bíró, mo sì ṣírò. Wákàtí mẹ́ta ní àlọ, wákàtí mẹ́ta ní àbọ̀; ó di 6 lójúmọ́, 30 lọ́sẹ̀, bí a bá sì yọ ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi kúrò, 1,500 lọ́dún. Mo fi 24 pín in. Ọjọ́ 62 àti ààbọ̀, tọ̀sán tòru, ni mo ń fi jókòó sínú dánfó lọ́dọọdún, nínú ọdún mẹ́sàn-án náà, ó sì lé ní ọdún kan àbọ̀. Mo gbé àbẹ́là sókè, mo wo àwọn ọmọ mi níbi tí wọ́n sùn sí lórí ẹní. Àbíkẹ́yìn ti di ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, bí mo bá sì na ọwọ́ sí i ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń kọ́kọ́ bojú wo ìyá rẹ̀ kí ó tó tọ̀ mí wá.

Ẹni tí ó bá rò pé tèmi nìkan ni, kí ó lọ dúró ní Ìyànà-Ìbà kí agogo márùn-ún òwúrọ̀ tó lù. Yóò rí àwọn ènìyàn tí ń sáré tẹ̀lé dánfó tí kò tíì dúró, obìnrin tí ó wọ sálúbàtà, tí ó sì di bàtà ọ́fíìsì rẹ̀ sínú ọ̀rá, ọkùnrin tí orí rẹ̀ ti fara ti fèrèsé tí ó sì ti sùn lọ kí kọ̀ńdọ́ tó gba owó, ọmọbìnrin tí ń fi iná fóònù kun àtíkè. Kò sí ọ̀lẹ kan nínú wọn. Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa, nítorí àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ayé ẹni, ọ̀lẹ ni wọ́n ń bá wí. Àwọn ènìyàn wa ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú ilé olówó. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé ta ni ó ya àwòrán ilé tí wọ́n ń ru búlọ́ọ̀kù sí?

Nítorí bí ọ̀kan nínú wa bá ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Ìbà lónìí, ẹ wo bí yóò ti gbọ́n tó. Yóò pe sọ̀fẹ́yọ̀, yóò dúró tì í títí wọn yóò fi ri píńlà mọ́lẹ̀, yóò san owó ọmọ onílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, yóò sì wá ẹni tí yóò ya pláànù fún un, tí yóò fi ìka hàn án níbi tí yàrá wà àti ibi tí omi yóò gbà jáde. Mo mọ ilé kan ní àdúgbò wa tí a kọ́ láìní pláànù. Bí owó ti ń wọlé ni onílé ń fi yàrá kún yàrá, nígbà tí ó sì kan pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sí ibi tí àtẹ̀gùn yóò gbà nínú ilé mọ́. Ìta ni wọ́n gbé e sí, láìsí òrùlé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ti òkè sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé ìdáná lóru, bí òjò bá ń rọ̀, inú òjò náà ni yóò gbà. Gbogbo àdúgbò ni ó ń bá onílé yìí wí. Ṣùgbọ́n nínú àwa tí a ń bá a wí, mélòó ni ó ti bá ayé ara rẹ̀ ṣe ju èyí lọ?

Ẹnìkan yóò ní àwọn olówó ni ó ń rí àyè ya àwòrán ayé, pé tálákà ń wá oúnjẹ òòjọ́. Òtítọ́ wà níbẹ̀, n kò sì ní fojú pa á rẹ́. Kò sí ètò tí ènìyàn kan lè ṣe nínú yàrá rẹ̀ tí yóò dí kòtò ojú títì. Ìjọba tí ń gba owó orí lọ́wọ́ wa jẹ wá ní ọ̀nà, ó jẹ wá ní iná, ó jẹ wá ní ilé ìwé, ẹni tí ó bá sì ń wàásù fún tálákà pé àìronú rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di tálákà kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Síbẹ̀, ẹni tí aṣọ rẹ̀ kéré ni ó yẹ kí ó fara balẹ̀ jù lọ nígbà tí ó bá ń gé e. Olówó lè ba ọ̀pá mẹ́ta jẹ́ kí ó lọ ra mẹ́ta mìíràn.

Aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ìyànà-Ìbà ni ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun ń kọ́ mi. Ìwé mẹ́fà ni ó kà. Nígbà tí ó gba fírídọ̀mù, gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ fẹ́ kí ó máa rán aṣọ òde, nítorí ibẹ̀ ni owó wà, tí àwọn obìnrin ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù ní oṣù Kejìlá nítorí àǹkóò. Ó ní òun kò fẹ́. Ó ti jókòó wo ojú títì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ti rí i pé ọmọ iléèwé tí ń gba iwájú òun kọjá lójúmọ́ ju ìyàwó tuntun lọ. Yunifọ́ọ̀mù ni ó mú. Láti oṣù Kẹfà ni ó ti ń gé e sílẹ̀, kákí lọ́tọ̀, ṣẹ́ẹ̀kì lọ́tọ̀, pẹ̀lú bébà àpò sìmẹ́ǹtì tí ó ti gé bí ara ọmọdé, tí ó sì kọ ọjọ́ orí sí lára, ọmọ ọdún 6, ọmọ ọdún 9. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá dé, tí àwọn aránṣọ ìyókù ń bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n padà wá lọ́la, etí aṣọ nìkan ni ó kù tí yóò ká. Ní ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà òkú kan tí ó fi kọ́ ara ògiri, ó fi bíró kọ ohun mẹ́rin: “Yunifọ́ọ̀mù. Máṣíìnì oníná, méjì. Ilé ní Ìbà. Ìwé mẹ́wàá.” Ó kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin kan gbé fóònù wá, tí ó ní irú aṣọ tí ẹni inú àwòrán wọ̀ náà ni òun ń fẹ́, kí ó má ṣe yọ nǹkan kan, kí ó má ṣe fi nǹkan kan kún un. Aránṣọ náà dá fóònù padà fún un, ó fa téèpù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀. “Àǹtí, ẹ dìde kí n wọ̀n yín ná,” ni ó wí. “Ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́, kì í ṣe ẹni inú fóònù.” N kò mọ bí obìnrin náà ti gba ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo gbé e délé. Nítorí irú ayé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń bẹ Ọlọ́run fún, ayé tí a ti fi wọ̀n ara ẹlòmíràn ni: mọ́tò tí aládùúgbò rà, ilé ìwé tí ọmọ ọ̀gá ń lọ, ìlú tí ọ̀rẹ́ ti fi àwòrán ránṣẹ́. Ìlú òkèèrè kò burú, mo sì ní àwọn ẹ̀gbọ́n tí ó ṣe oríire níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta ilẹ̀ baba rẹ̀ kí ó lè jápa lọ sí London, tí a bi í pé kí ni yóò máa ṣe níbẹ̀, tí ó ní òun ṣáà ń lọ, àwo kan náà ni ó ṣì jẹ́, omi nìkan ni ó pààrọ̀.

Ní Alábà, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí wa, níbi tí àwọn oníṣòwò gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ń wá ra tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti jẹnẹrétọ̀, àwọn ará wa Ìgbò ní ohun kan tí ó yẹ kí á wò dáadáa. Ịgba bọị ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Ọmọkùnrin kan yóò ti ìlú rẹ̀ wá bá ọ̀gá. Kí ó tó gbé ẹrù, ẹbí rẹ̀ àti ọ̀gá náà ti fi ẹnu kò sí iye ọdún tí yóò sìn, ọdún márùn-ún ni tàbí méje. Bí ọdún bá sì pé, ọ̀gá yóò fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Àwọn ọ̀gá kan wà tí ó máa ń yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tí ọdún bá pé, tí wọn yóò fi ẹ̀sùn olè lé ọmọ ọlọ́mọ lọ, ìwà ìkà pátápátá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọmọ náà ti mọ ọjọ́ ìkẹyìn, tí ó sì mọ ohun tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Àwa náà ní ọmọ iṣẹ́, a ní àdéhùn, a ní fírídọ̀mù. Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni bí a ti ń ṣe fírídọ̀mù náà: a ó gbé kánópì sójú títì, a ó ra àǹkóò, a ó se ìrẹsì, ayàwòrán yóò ya ọmọ náà níbi tí ó kúnlẹ̀ sí níwájú ọ̀gá tí wọ́n ń gbàdúrà lé e lórí, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, owó tí ó tó ra máṣíìnì ti lọ, ọmọ náà yóò sì padà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan náà láti máa gba owó òòjọ́. Bàbá kan bi mí nígbà tí mo sọ èyí pé ṣé kí a má wá dá ọmọ lọ́lá ni. Mo ní kí á dá a lọ́lá, kí á fi máṣíìnì dá a lọ́lá.

Ní tèmi, ọdún méjì ni ó gbà mí láti kúrò lórí ìjókòó dánfó yẹn. Lẹ́yìn alẹ́ tí mo ṣírò, mo kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀, pé mo fẹ́ máa wọlé kí àwọn ọmọ mi tó sùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo nǹkan wọ̀n ọ́n. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá oníṣòwò kan ní Alábà ṣe ìwé ọjà rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn náà ó di oníṣòwò mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó di méje, nígbà náà ni mo tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ le. Owó tí ń wọlé kò tó ti ìṣáájú, àwọn ẹbí sì wí tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n agogo méje alẹ́ ń lù bá mi nílé.

Èmi kò sọ pé ohun gbogbo tí a bá pète ni yóò rí bẹ́ẹ̀. Ibùdókọ̀ kan wà lójú títì wa tí a ń pè ní Volks, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò sì mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ńlá ni ó sọ ibẹ̀ lórúkọ, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ láti ọdún 1975, pàápàá èyí tí a ń pè ní ìjàpá. Iṣẹ́ náà ti dáwọ́ dúró tipẹ́tipẹ́. Orúkọ ni ó kù lẹ́nu kọ̀ńdọ́. Àwọn ọkùnrin kan fi ilé iṣẹ́ yẹn ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ayé wọn, nígbà tí ó sì yẹ̀, àwọn kan nínú wọn yẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn kan sì fi iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Ẹ jẹ́ kí á wo Alhaji Lateef Jakande, ọmọ Olómù Àpérán, Bàbá Kékeré, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ hàn lára ilẹ̀ wa ju ọwọ́ gómìnà mìíràn lọ. Epétèdó ni wọ́n ti bí i ní 1929. Kì í ṣe yunifásítì ni ó ti kọ́ iṣẹ́, iyàrá ìròyìn ni: ní 1949 ó wọ Daily Service, ó kọjá sí Nigerian Tribune, ó sì di olóòtú àgbà níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1963. Ẹlòmíràn ìbá ti ka ayé rẹ̀ kún èyí tí ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ní 1966, ọdún tí ó jáde, ìwé rẹ̀ lórí ẹjọ́ náà wà ní títẹ̀. Nígbà tí ó di gómìnà Èkó ní October 1979, kò sí ẹni tí ó ní láti wá máa kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe, nítorí ó ti gbé e wá láti ilé bí Afùwàpẹ́ ti gbé iyọ̀. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta péré ni ó lò. Kí ó tó lọ, ó ti fòpin sí ilé ìwé àfòwúrọ̀-àfọ̀sán, ó ti kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù, tí ti Ìbà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a ń pè ní LASU, sílẹ̀ ní 1983, níhìn-ín ní Ọ̀jọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó pète kò bọ́ sí i. Ọkọ̀ ojú irin fún Èkó ni. Ó ti tọwọ́ bọ ìwé, owó ti jáde, kí àwọn ológun tó gba ìjọba ní òpin 1983. Ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari sì fagi lé e ní 1985, pẹ̀lú owó ìlú tí ó ti bá a lọ. Kò sí ẹni tí ó rò pé a óò tún gbọ́ ọ. Nígbà tí ó yá, àwọn gómìnà mìíràn tún àwòrán náà ṣe, ìlà aláwọ̀ búlúù, kìlómítà 27 láti Màrínà dé Òkòkòmaikò. Ní January 2023 ni wọ́n ṣí apá kìíní rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ kìlómítà 13 dé Mile 2, ẹni tí ó sì wá ṣí i ni Ààrẹ Buhari kan náà, ẹni tí ìjọba rẹ̀ fagi lé ti ìṣáájú. Láti September ọdún náà ni àwọn èrò ti ń wọ̀ ọ́. Bàbá Kékeré kò rí i. Ó ti kú ní February 2021. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, ọkọ̀ náà kò tíì dé Òkòkòmaikò, àwa tí a ń gbé ibẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni ń wo oṣù ààwẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba àwo lọ́wọ́ ọmọ yín. Lọ́dọọdún ni mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń wọ LASU láti ka ohun tí bàbá wọn kùnà láti kà, tí ó jẹ́ pé bí o bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ ìyá wọn. A kì í fi ọwọ́ ọlọ́wọ́ tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ fún wọn ní iyọ̀, ẹ fún wọn ní owó ọ̀nà, ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí fún wọn, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa tọ bèbè odò náà lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni mo tún ya ọ̀dọ̀ aránṣọ náà. Máṣíìnì oníná méjèèjì ń kùn nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta jókòó tì wọ́n. Mo gbé ojú sókè wo kàlẹ́ńdà. Ó ti fa ìlà gba orí yunifọ́ọ̀mù àti máṣíìnì kọjá. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé ní Ìbà, ọdún tí ó kọ́kọ́ kọ ti kọjá. Kò pa á rẹ́, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i lórí, ó kọ ọdún mìíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fa ìlà sí èyí náà lórí, ó kọ ẹ̀kẹta. Ní ti ìwé mẹ́wàá, fọ́ọ̀mù ìdánwò wà lábẹ́ téèpù àti ṣọ́ọ̀kì lórí tábìlì, ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Mo fẹ́ bi í léèrè nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdékùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí ó di kákí tuntun mọ́ àyà, aránṣọ náà sì ti ń fa bébà sìmẹ́ǹtì yọ láti abẹ́ tábìlì. “Ọmọ ọdún mélòó nìyí, Mọ́mì?”